Ẹnu eel ni kẹ́ ẹ wò, ẹ fi àwọ̀ sílẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ẹja òkun nílé, ọ̀rọ̀ eel, ẹja tó rí bí ejò yẹn, ti ń ká mi lára. Ẹ jókòó, ó máa gùn díẹ̀ 🧵

Ẹ ti rí fídíò yẹn: ẹja tẹ́ẹ́rẹ́, ara búlúù, ojú yẹ́lò, tó ń jó láàárín òkúta. Ribbon eel nìyẹn. Kíá lẹ ó rí i lábẹ́ fídíò, “Èló ni?”

Ó rẹwà, mi ò jiyàn. Àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn kì í jẹun mọ́ tí wọ́n bá ti kó wọn kúrò lókun. Ẹja wẹ́wẹ́ tó ń lúwẹ̀ẹ́ ni wọ́n mọ̀ lóúnjẹ. Edé inú fìríìsà tẹ́ ẹ fi síwájú ẹ̀, á kàn máa wò ó ni, títí ebi á fi pa á kú. Èyí tó dúdú ní ṣọ́ọ̀bù, ọmọdé ni. Tó bá dàgbà á di akọ búlúù, tó bá tún pẹ́ sí i á di abo, á wá di yẹ́lò. Mélòó nínú èyí tá a ń rà ló ń pẹ́ débẹ̀?

Témi ni pé tẹ́ ẹ bá máa ra eel, ẹ ra snowflake. Ó funfun, ó ní tóótòòtó dúdú àti yẹ́lò. Eyín ẹ̀ kò mú ṣóṣóró, torí akàn àti edé ló ń rún lókun. Ìyá Edé ni mo sọ tèmi, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ló ń jẹun, kì í sì í ṣe ìyàngàn.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o: kì í jẹ iyùn, edé àti akàn tẹ́ ẹ fowó rà sínú táńkì ló máa jẹ. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, àmọ́ lọ́dọ̀ Ìyá Edé, ojú yẹn ò gbà á.

Á tún máa fi orí ti òkúta. Torí náà, ìsàlẹ̀ táńkì gan-an ni kẹ́ ẹ to òkúta lé kẹ́ ẹ tó da iyanrìn sí i, kó má bàa wó lu iyùn yín. Ẹ dé táńkì dáadáa, títí kan ihò tí wáyà ń gbà. Ibi tí orí ẹ̀ bá ti wọ̀, ara tó kù ń bọ̀ lẹ́yìn. Orí ilẹ̀ lẹ ó ti bá òkú ẹ̀ láàárọ̀.

Ẹnu tó ń là tó ń pa dé yẹn, kò bínú, ó ń mí ni. Ojú ẹ̀ ò ríran tó bẹ́ẹ̀, òórùn ló fi ń wá oúnjẹ, ìka tó bá ń rùn edé, edé náà ni lójú tiẹ̀. Ẹ fi ẹ̀mú gígùn bọ́ ọ. Lọ́dún 2007, Rita Mehta àti Peter Wainwright fi hàn pé moray, ìdílé tí snowflake wà, ní àgbọ̀n kejì nínú ọ̀fun, tó ń yọ síwájú wá fa oúnjẹ wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ yín dán an wò.

Ẹ sì sá fún honeycomb moray tí wọ́n ń tà ní kékeré. Ó lè gùn ju mítà 2 lọ. Táńkì ta ló fẹ́ gbà á?

Kẹ́ ẹ tó sanwó èyíkéyìí, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á bọ́ ọ lójú yín. Tó bá ní “àná ló jẹun,” ẹ sọ fún un pé ẹ máa pa dà wá lọ́jọ́ tó bá tún fẹ́ bọ́ ọ.