Ẹ Jẹ́ Kí A Dé Òde-Ìṣẹ́kírì Kí Àwọn Àgbà Tó Lọ Tán

Bí a bá dárúkọ Warri létí ọ̀pọ̀ Yorùbá lóde òní, epo rọ̀bì ni ọkàn wọn kọ́kọ́ ń sáré lọ bá, lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n máa ń rántí àwọn aláwàdà tí ń fi èdè pijin pa wá lẹ́rìn-ín, bóyá kí wọ́n tún mẹ́nu ba ìjà àwọn ẹ̀yà tó sọ ọ̀pọ̀ ilé di ahoro níbẹ̀ ní 1997 àti ní 2003. Ṣùgbọ́n àwọn tó ka ìlú náà kún ibi tó yẹ kí ènìyàn di ẹrù rìnrìn-àjò lọ, kó lè fi ojú ara rẹ̀ rí ibi tí àwọn ọba tẹ̀dó sí àti ibi tí ẹ̀sìn ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, wọn kò pọ̀ rárá.

Mo mọ ìdí rẹ̀. A ti fi àwòrán Róòmù àti Jerúsálẹ́mù kọ́ ojú wa débi pé ohun tí kò bá ga, tí wọn kò bá fi òkúta kọ́, a kì í gbà pé ó lọ́jọ́ lórí. Ilẹ̀ Warri rèé, ẹrẹ̀ àti omi ni. Ènìyàn lè wa ọkọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ nínú àwọn ẹsẹ̀ odò ibẹ̀ kó má ṣalábàápàdé òkúta kan. Ohun tí wọ́n bá fi pákó kọ́ síbẹ̀, òjò àti ikán ni yóò jogún rẹ̀.

Ẹ wo Òde-Ìṣẹ́kírì, orírun àwọn Ìṣẹ́kírì, tí ọkọ̀ ojú omi ń gbé ènìyàn lọ láti èbúté inú Warri. Ìtàn tí a bá lẹ́nu àwọn baba ni pé Gínúwà, ọmọ Ọba Olúà ti Ìbìní, ni ó kó àwọn ọmọ ìjòyè lẹ́yìn jáde kúrò nílé baba rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1480, tí ó gba orí omi títí tí ó fi dé Ìjàlá, níbi tí ó wàjà sí; ọmọ rẹ̀ ló ṣí ìjókòó ọba lọ sí Òde-Ìṣẹ́kírì. Ìjàlá yìí ni àwọn Olú, ìyẹn ọba Ìṣẹ́kírì, tó wàjà ń lọ sùn, igi tó dúró lórí sàréè wọn ni àmì tí a fi ń mọ̀ pé ọba ló wà nísàlẹ̀. Àwọn ará Ùgbórodò tó wà lẹ́nu òkun ní ti wọn ní Ìjẹ̀bú ni àwọn baba àwọn ti ṣí wá. Èdè àwọn Ìṣẹ́kírì kò sì fi ara pamọ́: Yorùbá tó bá tẹ́tí sílẹ̀ láàárín wọn yóò máa dá ọ̀rọ̀ mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni mo fẹ́ dúró lé lórí. Àwa ọmọ Káàárọ̀-oò-jíire, Àgbádárìgì ni a máa ń tọ́ka sí bí a bá ń sọ ibi tí ìyìn rere ti wọlé, ọdún 1842 tí Freeman àti Townsend gúnlẹ̀ síbẹ̀ la sì máa ń dárúkọ. Òótọ́ ni, fún ìran tiwa. Àmọ́ ó lé ní igba ọdún ṣáájú ìgbà náà, kí sẹ́ńtúrì kẹrìndínlógún tó parí, tí àwọn àlùfáà Àgùdà láti erékùṣù São Tomé ti wà ní Warri, tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún àrẹ̀mọ ọba, tí wọ́n sì sọ ọ́ ní Sebastian. Nígbà tí Sebastian gorí oyè tán, ó rán ọmọ rẹ̀ Domingos, ẹni tí ìtàn mọ̀ sí Atúwàtse Kìíní, lọ sí ilẹ̀ Potogí ní nǹkan bí ọdún 1600. Ọmọ ọba kàwé nílùú Coimbra, ó fẹ́ ìyàwó òyìnbó, ó sì padà wá jọba lórí omi baba rẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé, ó tó nǹkan bí igba ọdún lẹ́yìn èyí kí a tó bí Àjàyí Crowther!

Kí n má baà fi ìyìn nìkan dí yín létí, ọkọ̀ tó ń gbé àgbélébùú wá náà ló ń kó ẹrú lọ. Àwọn àlùfáà kò sì tó, wọn kì í pẹ́ níbẹ̀, ẹ̀sìn náà ń jí, ó ń kú. Nígbà tí ọ̀gá ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, John Adams, fi dé ààfin ní ìparí sẹ́ńtúrì kejìdínlógún, àgbélébùú àti àjákù ère àwọn ẹni mímọ́ ló bá níbẹ̀.

Ilé ìjọsìn ìgbà náà kò ní ògiri kan tó dúró títí di òní. Ohun tó ṣẹ́kù ń bẹ nínú àgbélébùú orí adé Olú, nínú ìmúra àwọn ìjòyè, nínú ètò ìgorí oyè, àti ju gbogbo rẹ̀ lọ, lẹ́nu àwọn àgbà. Bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, á bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ṣùgbọ́n ẹnu ni àrọ́bá ń gbé, ẹnu tó bá sì ti pa dé, kò sí awalẹ̀pìtàn tó lè fi ọkọ́ wú ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde láti inú ẹrẹ̀. Adé pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ ewu: nígbà tí wọ́n fẹ́ fi Ògíamẹ̀ Atúwàtse Kẹta jọba ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, ariwo ta pé adé àtayébáyé ti di àwátì, adé tuntun ni wọ́n sì fi dé orí ọba. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ìrìn-àjò Warri kò ṣeé sún síwájú bíi ti àwọn ìlú olókùúta, tí ògiri wọn yóò dúró de ọmọ ọmọ wa.

Ní ti ilé tó ṣì dúró, Kókó, ní ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Warri, ló sàn díẹ̀. Ibẹ̀ ni Nánà Olómù, olówò ńlá tó ti jẹ́ gómìnà Odò Ìbìní rí, kọ́ ilé rẹ̀ sí lẹ́yìn tí ó ti ìgbèkùn Àkrá dé ní 1906, ibẹ̀ náà ló sì kú sí ní 1916. Ọdún 1894 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn àgbá fọ́ Ebrohimi, ìlú rẹ̀, nítorí pé kò gbà kí wọ́n já òwò epo pupa gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Èkó ló sá wá, ọ̀dọ̀ Yorùbá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Séídù Olówu, ló sì forí pamọ́ sí kó tó fa ara rẹ̀ lé ìjọba lọ́wọ́. Òun náà ní ẹrú, ẹ má jẹ́ kí a sọ ọ́ di ańgẹ́lì. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i: ìjọba àpapọ̀ ti ka ilé Kókó náà kún ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Síbẹ̀, bí ẹ bá bi ọ̀pọ̀ wa léèrè nípa Kókó, àgbá májèlé tí àwọn ará Ítálì wá dà síbẹ̀ ní 1988 nìkan la mọ̀.

Àlejò lójú, kò fi ríran. Nítorí náà, ẹni tó bá ń lọ, kó wá ọmọ ìlú tí yóò mú un rìn, kó kọ́kọ́ kí àwọn àgbà, kó sanwó fún ẹni tó sọ ìtàn fún un, kó má sì wọ ọkọ̀ ojú omi láìwọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì. Bí ó bá bọ́ sí àsìkò ọdún Awankẹ́rẹ̀ ní Òkèrè tàbí ọdún Ìdjù àwọn Urhobo ní Àgbásà, kó dúró wò ó. Ṣùgbọ́n kó má bá ẹnikẹ́ni jiyàn ta ló ni Warri láàárín Ìṣẹ́kírì, Urhobo àti Ijaw, nítorí ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn lórí ọ̀rọ̀ náà tó.

Ẹ̀yin olùkọ́ ìtàn ní àwọn yunifásítì wa, ẹ rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín lọ sí Òde-Ìṣẹ́kírì àti Kókó pẹ̀lú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, kí ẹ sì rí i pé ẹ̀dà ohun gbogbo tí wọ́n bá gbà sílẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn ará ìlú náà kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀.