Ìmọ̀ Ha Ni, tàbí Ìgbàgbọ́?

A ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kan ní ayé ìsinsìnyí pé filọ́sọ́fì, ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ nì, kò wúlò fún ẹni tí ń wá oúnjẹ òòjọ́. Wọ́n ní kí a fi í sílẹ̀ fún àwọn ará yunifásítì àti àwọn Gíríìkì àtijọ́. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀.

Kí ni iṣẹ́ ẹ̀kọ́ náà bí kò ṣe láti yẹ ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́nu wa lójoojúmọ́ wò? Ní ọdún 1986, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúbí Ṣódípọ̀ àti alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, Barry Hallen ọmọ Amẹ́ríkà, tẹ ìwé kan jáde. Ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn Yorùbá ni wọ́n ti lọ bèèrè ohun tí "mọ̀" àti "gbàgbọ́" jẹ́. Èsì tí wọ́n gbà ni pé ohun tí a fojú ara wa rí, tí ọkàn wa sì jẹ́rìí sí, òun ni a mọ̀. Ohun tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, tàbí tí a kà nínú ìwé, gbígbà ni a gbà á gbọ́, títí a ó fi dán an wò. Àwọn àgbà ṣáà ti wí pé ìròyìn kò tó àfojúbà.

Ta ni yóò wí pé èyí kò kan oúnjẹ òòjọ́? Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014, nígbà tí àrùn Ebola wà ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ kan ń ti orí tẹlifóònù dé orí tẹlifóònù, pé kí olúkúlùkù mu omi iyọ̀, kí ó sì fi wẹ̀, kí àrùn náà má bàa ràn án. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn kan dé ilé ìwòsàn. Àwọn mìíràn kú. A kò lè di gbogbo ẹ̀bi náà ru àìmọ̀wé, nítorí ọ̀pọ̀ ni ó fi ojú ara wọn ka ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí a ṣe aláìní ni ẹni tí ìbá bèèrè pé: "O mọ̀ ọ́n ni, tàbí o gbọ́ ọ?"

Wọn yóò tún wí pé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ yóò sọ ọmọdé di aláfojúdi. Rárá o! Ọmọ tí ó fi ọ̀wọ̀ wí pé, "Ẹ jọ̀wọ́, tíṣà, báwo ni a ṣe mọ̀ bẹ́ẹ̀?" kò tàbùkù ẹnikẹ́ni. Irọ́ ni ó ń bẹ̀rù ìdánwò.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, bí ọmọ bá wí pé "Mo mọ̀ ọ́n," ẹ má tètè yìn ín. Ẹ bi í léèrè ibi tí ó ti rí i. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí àkọ́sórí tàn yín jẹ. Bí ilé-ẹ̀kọ́ wa kò bá kọ́ni ní èyí, omi iyọ̀ mìíràn ń bọ̀.