Ìdí Ẹ̀rọ Kì í Ṣe Ibi Ìyà

Ègún kan wà tí ó ti di àṣà lẹ́nu olùkọ́ púpọ̀, láti Ìkẹjà títí dé Kàdúná. Bí ọmọ bá kùnà nínú ìṣirò, olùkọ́ a ní, “Ìdí ẹ̀rọ ni ìwọ yóò parí sí!” Kíláàsì a bú sẹ́rìn-ín, olùkọ́ a sì rò pé òun ti fi ọgbọ́n kọ́ ọmọ. Irọ́ ni ó fi kọ́ ọ, irọ́ tí ó sì léwu ni.

Kí ni òṣìṣẹ́ ìdí ẹ̀rọ ń ṣe? Kí á wo ẹni tí ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin. Bí wọ́n bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 100, ó ní láti lè fi ìwọ̀n mọ ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn. Irun orí ènìyàn nípọn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní láti ṣírò iye ìgbà tí irin yóò yí ní ìṣẹ́jú kan, nítorí irin líle kì í gba ìyára tí irin rírọ̀ ń gbà. Bí ọmọ kò bá mọ ìṣirò, báwo ni ìdí ẹ̀rọ yóò ṣe jẹ́ ibi tí ó yẹ ẹ́?

Irin tí a bá gé jù kì í hù padà. Ìka pẹ̀lú kì í hù. Nítorí èyí ni Òfin Ilé-Iṣẹ́ ti ọdún 1987 fi pa á láṣẹ pé kí wọ́n fi ọgbà tí ó dúró ṣinṣin yí gbogbo apá ẹ̀rọ tí ó léwu ká. Ṣùgbọ́n ọgbà nìkan kò tó fún ẹni tí kò lè ka ìkìlọ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀gá tí kò sì fẹ́ náwó lórí ọgbà kò ní alátìlẹ́yìn tí ó ju olùkọ́ tí ó ti sọ fún gbogbo ìlú pé àwọn aláìwúlò ni ó wà nídìí ẹ̀rọ.

Àwọn kan yóò ní àwọn ilé-iṣẹ́ náà ti kógbá wọlé. Pé Kaduna Textiles, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1957, ti ilẹ̀kùn ní 2002. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọwọ́ àwọn tí ń ṣọ́ òwú nídìí ẹ̀rọ ni ó tì í: àìsí iná tí ó ṣeé gbára lé àti aṣọ fàyàwọ́ láti òkèèrè wà lára ohun tí ó pa iṣẹ́ aṣọ Nàìjíríà. Ilé-ẹ̀kọ́ pàápàá ní ìpín nínú ẹ̀bi. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní 1982, ìjọba ra ẹ̀rọ fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ní ilé-ẹ̀kọ́ púpọ̀, inú àpótí tí wọ́n fi kó wọn dé ni wọ́n ti dípẹtà.

Àwọn baba ńlá Yorùbá kò fi alágbẹ̀dẹ ṣẹ̀sín. Ọmọ Ògún ni wọ́n kà á sí. Kí ló dé tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ yóò fi di ẹni ẹ̀sín kìkì nítorí pé iná mànàmáná ni ó ń yí irin tirẹ̀? Kí olùkọ́ tí ń kọ́ni ní ìdá gbé irin àti ìwọ̀n wọ kíláàsì. Kí ó pe òṣìṣẹ́ ìdí ẹ̀rọ wá, kí ó fún un ní àga níwájú àwọn ọmọ. Bí kò bá sì lè ṣe èyí, kí ó kúkú dákẹ́ ègún.