Ìbàdàn Kò Gbọdọ̀ Wó Ilé Baba Rẹ̀ Torí Ibi Ìgbọ́kọ̀sí

Àlejò tó bá wa ọkọ̀ ara rẹ̀ wọ Ìbàdàn lọ́jọ́ Sátidé, tó fẹ́ fi Gbọ̀ngàn Mápó han àwọn ọmọ rẹ̀, lè kọ́kọ́ rò pé wàhálà ti tán nígbà tó bá dé Ring Road. Títì náà fẹ̀, ilé ìtajà ńláńlá wà lọ́tùn-ún lósì, púpọ̀ nínú wọn ló sì ní ààyè tí oníbàárà lè gbé ọkọ̀ sí. Ṣùgbọ́n bó bá ti gba Mọ́lété kọjá, ọ̀nà á bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ní Bódè, ọjà ti dé etí títì. Ní Ìdí-Arẹrẹ, máíkírà, ọ̀kadà, kẹ̀kẹ́ Márúwá àti alábàárù jọ ń du ojú ọ̀nà kan ṣoṣo. Nígbà tí yóò bá fi rí òpó Mápó lókè, kò síbi tí yóò gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí mọ́.

Níbẹ̀ ni ọ̀dọ́kùnrin kan yóò ti yọ sí i. Kò wọ aṣọ iṣẹ́, kò mú ìwé rìsíìtì lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó mọ iye tí àlejò gbọ́dọ̀ san kí nǹkan kan má baà ṣe ọkọ̀ náà. Bí àlejò bá sì sanwó tán, kò sí ohun tó ní kí ẹlòmíràn má tún wá fi irin de táyà, kó ní ibẹ̀ kì í ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ọ̀pọ̀ àlejò kì í dúró wo bí ọ̀rọ̀ náà yóò ṣe parí. Wọn a yí ọkọ̀ padà, wọn a tún gba Mọ́lété sọ̀kalẹ̀, àwọn ọmọ a sì lọ sọ fún àwọn ẹgbẹ́ wọn pé àwọn ti rí Ìbàdàn, nígbà tó jẹ́ pé ojú fèrèsé ọkọ̀ ni wọ́n ti rí i.

Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan máa ń rí ọ̀rọ̀ sọ. Wọn a ní kí ìjọba fẹ ọ̀nà, kó wó àwọn ilé alámọ̀ wọ̀nyẹn, kó sọ ilẹ̀ wọn di ibi ìgbọ́kọ̀sí. Lẹ́nu àwọn olóṣèlú, àtúntò ìlú ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, pàápàá jù lọ létí ẹni tí ilé baba rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣìṣe ńlá ni. Ẹni tó bá wó ilé tí àlejò wá wò kí àlejò lè ríbi gbé ọkọ̀ sí, kí ni yóò fi hàn án nígbà tó bá sọ̀kalẹ̀?

Ìbàdàn àtijọ́ kì í ṣe ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó fún mọ́tò. Ibùdó ogun ni nígbà tí àwọn jagunjagun Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá pàgọ́ síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1829. Agboolé ni wọ́n kọ́, ọ̀kan fara ti èkejì, ọ̀nà tó wà láàárín wọn kò sì ju èyí tí ènìyàn àti ẹṣin lè gbà kọjá. Ọjà'ba ṣì ń jẹ́ orúkọ Ìbà Olúyọ̀lé títí dòní. Nígbà tí Ìbíkúnlé jẹ́ Balógun, odi tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè yí ìlú ká. Nígbà tí David àti Anna Hinderer fi máa wá gbé ní Kúdẹtì ní ọdún 1853, ìlú náà ti kún fún èrò. Gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n ṣí ní 1929, àti ilé ìṣọ́ orí Òkè Ààrẹ tí wọ́n kọ́ ní 1936 ní ìrántí Captain Bower, èyí tí àwọn ará ìlú sọ ní Láyípo nítorí àtẹ̀gùn rẹ̀ tó ń yí po, agboolé ni àwọn méjèèjì bá níbẹ̀. Nítorí náà, bí ọ̀nà inú ìlú ṣe há kì í ṣe àbùkù tí àwọn baba ńlá fi sílẹ̀. Bí ìlú náà ṣe rí nìyẹn, òun gan-an sì ni àlejò ń wá wò.

Yàtọ̀ sí ti ìtàn, ìṣirò lásán tó láti dá ọ̀rọ̀ náà rú. Ọkọ̀ kan, pẹ̀lú ààyè tí yóò fi wọlé àti èyí tí yóò fi jáde, ń gba ilẹ̀ tó tó sukúwíà mítà 25. Ilẹ̀ agboolé tó fẹ̀ tó sukúwíà mítà 1,000, tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń gbé, tí ìyá àgbà ń ta àkàrà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, tí òkú àwọn baba sì sùn sínú rẹ̀, kò lè gbà ju ọkọ̀ 40 lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, nígbà tí Ọba Rashidi Ladoja gba adé Olúbàdàn ní Mápó, kí ni ààyè ọkọ̀ 40 ì bá ṣe fún èrò tó wá? Agboolé mẹ́wàá kò ní tó, ogún kò ní tó. Ilé á tán nílẹ̀, ọkọ̀ kò ní tán lọ́nà. Ilẹ̀ tí wọ́n bá sì da ọ̀dà lé kì í mu omi mọ́. Ìlú tó rántí àgbàrá Ògùnpa ọdún 1980, tó sì tún rí ti oṣù Kẹjọ ọdún 2011, kò yẹ kó máa wá ibòmíràn tí òjò kò ní lè wọlẹ̀.

Àwọn baba ńlá ti yanjú irú ọ̀rọ̀ yìí kí mọ́tò tó dé. Ẹnu bodè ni àlejò ti ń dúró. Oníbodè a bi í léèrè ibi tó ti wá àti ohun tó gbé wá, a gba owó bodè lọ́wọ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò tó wọ ìlú. Orúkọ Bódè tó wà lójú ọ̀nà Mọ́lété sí Mápó ṣì ń rán ni létí irú ètò bẹ́ẹ̀. Odi ti wó, oníbodè ti lọ, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ kò tíì gbó: ẹnu ọ̀nà ìlú ló yẹ kí wọ́n ti pàdé àlejò, kì í ṣe ìgbà tó bá ti há sáàárín ọjà.

Ọgbọ́n yìí kan náà ni àwọn ìlú olódi ilẹ̀ Ítálì ń lò lónìí. Ní Lucca, odi tí wọ́n parí ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún ṣì wà láìfọ́, ó sì gùn ju kìlómítà 4 lọ. Àlejò kì í kàn wa ọkọ̀ wọ àárín gbùngbùn ìlú. Kámẹ́rà wà lẹ́nu àwọn ọ̀nà tó wọ ibẹ̀, ó ń ka nọ́ńbà ọkọ̀, ẹni tí kò bá sì ní ìyọ̀ǹda yóò rí ìwé owó ìtanràn gbà nílé. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó sọ pé àlejò kò gbọdọ̀ wọlé, wọ́n ti kọ́kọ́ fi ibi tí yóò gbé ọkọ̀ sí hàn án. Àwọ̀ ìlà tí wọ́n fi ọ̀dà kùn sílẹ̀ tó fún un láti mọ̀: búlúù ni ti ẹni tí yóò sanwó, funfun ni ọ̀fẹ́, yẹ́lò jẹ́ ti àwọn tí wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún, bí àwọn onílé. Àlejò tí kò gbọ́ èdè wọn rárá yóò mọ ibi tí òun dúró sí.

Perugia ló tún sún mọ́ ọ̀rọ̀ Mápó jù, nítorí orí òkè ni wọ́n tẹ ìlú náà dó sí. Wọn kò wó òkè, wọn kò sì wó ilé orí rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ní kí ọkọ̀ dúró sí. Láti ọdún 1983, àtẹ̀gùn oníná ló ń gbé èrò láti ibi ìgbọ́kọ̀sí, ó sì ń gba abẹ́ odi agbára Rocca Paolina kọjá, láàárín àwọn ilé àtijọ́ tí odi náà bò mọ́lẹ̀ láti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún. Ní 2008, wọ́n fi ọkọ̀ kékeré orí irin kún un, láti ibi ìgbọ́kọ̀sí ńlá kan ní Pian di Massiano dé àárín ìlú. Ọ̀nà tí ìbá jẹ́ ìyà fún àlejò ti di ara ohun tó wá wò.

Ẹnìkan lè sọ pé Ítálì lówó. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn kò nílò àtẹ̀gùn oníná. Ring Road ni odi tuntun tí ìlú náà ní níhà gúúsù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yí ìlú po tán. Láti Challenge dé Mápó kò tó kìlómítà 6. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti kọ́ ibùdókọ̀ ńlá sí Challenge, bọ́ọ̀sì Omituntun sì ti wà. Pápá ìṣeré Liberty tí wọ́n ń pè ní Obafemi Awolowo báyìí kò jìnnà sí Ring Road, kì í sì í ṣe ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Ohun tó kù ni kí wọ́n so gbogbo rẹ̀ pọ̀: ibi ìgbọ́kọ̀sí tó ní ògiri, iná àti ẹ̀ṣọ́, pátákó tí wọ́n kọ iye owó sí gàdàgbà, rìsíìtì tó fi hàn ẹni tí yóò dáhùn bí ọkọ̀ bá sọnù, àti bọ́ọ̀sì kékeré tí yóò máa gba Mọ́lété àti Bódè lọ sí Mápó láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Àwọn tó ń ti ìhà ìwọ̀-oòrùn bọ̀ lè rí irú rẹ̀ ní Dùgbẹ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Àwọn alátakò kò ní ṣàì ní tiwọn. Wọn a ní oòrùn mú, wọn a ní ẹni ńlá kì í fi ẹsẹ̀ rìn nílẹ̀ Yorùbá. Oòrùn kì í mú ẹni tó wà nínú bọ́ọ̀sì, ẹni ńlá tó sì ń fi ẹsẹ̀ rìn wọ ojúbọ òrìṣà ìdílé rẹ̀ láìbọ́ọ̀lẹ̀ lè rìn ní Ọjà'ba. Arúgbó, aláàbọ̀ ara àti ẹni tó ń gbé inú agboolé gbọ́dọ̀ ní ìyọ̀ǹda láti wa ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà wọn. Ọlọ́jà gbọ́dọ̀ ní wákàtí tirẹ̀ ní ìdájí láti já ẹrù. Ẹni tó bá sì ń bẹ̀rù pé ọjà yóò kú bí ọkọ̀ kò bá wọlé mọ́, kó bi ìyá tó ń ta àmàlà léèrè bóyá ẹni tó ti fèrèsé pa nínú ọkọ̀ ló ń ra oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn kọjá.

Ti àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń gba owó láìsí rìsíìtì ńkọ́? Lílé wọn kò tó. Wọ́n mọ gbogbo kọ̀rọ̀ agboolé, wọ́n mọ ìtàn tí kò sí nínú ìwé. Kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ́ wọn níṣẹ́, kó fún wọn láṣọ, kí àwọn kan ṣọ́ ọkọ̀ ní Ring Road, kí àwọn kan mú àlejò gun Láyípo. Owó tí wọ́n ń fi ìhàlẹ̀ gbà lónìí, wọn a fi iṣẹ́ gbà á.

Ohun kan ló yẹ kí gbogbo ará ìlú ṣọ́ra fún. Ó rọrùn fún ìjọba láti bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ìyà, kó ra ọkọ̀ tí ń wọ́ ọkọ̀, kó ra irin tí ń de táyà, kó máa gba owó ìtanràn, kó sì gbàgbé ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ìjọba tó bá kọ́kọ́ ra irin kó tó wá ilẹ̀, owó ló ń wá, kì í ṣe ètò. Ní Lucca, ìlà ọ̀dà ń tọ́ àlejò sọ́nà kí kámẹ́rà tó mú un. Ìbàdàn náà kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fìyà jẹ ẹni tí kò tíì fọ̀nà hàn.

Lónìí, ẹni tó wá ra bàtà ní Ring Road ń rí ààyè fún ọkọ̀ rẹ̀, ẹni tó wá wo ilé àwọn baba rẹ̀ kò rí. Ìtìjú ni èyí fún ìlú tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ sí agbàlejò. Ilẹ̀ wà ní Ring Road, bọ́ọ̀sì wà, ọ̀nà kò jìn. Bí wọ́n bá kọ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí lónìí tí kò bá dára, wọ́n lè tún un kọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Agboolé tí wọ́n bá wó ní Mápó, kò sí ìjọba tó lè tún un kọ́.