Ọgbọ́n Méjì Nínú Kíláàsì Kan

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Nígbà tí ọmọdé bá sọ̀rọ̀ tó mọ́gbọ́n dání láwùjọ àgbà la sábà máa ń pa òwe yìí, a ó sì fi yin ọmọ náà. Ṣùgbọ́n òwe yìí kò ní kí àgbà dìde kúrò lórí àga fún ọmọdé. Ó ní ọgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo kò tó tẹ ìlú dó.

Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì tí a ti ń kọ́ olùkọ́ níṣẹ́ ló yẹ kó gbọ́ òwe yìí báyìí. Láti ìgbà tí àrùn Kòrónà ti ti ilé ẹ̀kọ́ pa ní 2020, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ó yẹ kí olùkọ́ lè fi ẹ̀rọ kọ́ni. Ṣùgbọ́n báwo la ṣe ń kọ́ àwọn olùkọ́ fúnra wọn? Lọ́pọ̀ ìgbà, ògbóǹtarìgì kan yóò dúró síwájú gbọ̀ngàn, yóò máa fi ibi tí wọ́n ó tẹ̀ hàn wọ́n. Wọn ó jẹun ọ̀sán, wọn ó gba ìwé ẹ̀rí, ó parí. Ohun kan náà ni olùkọ́ ìtàn àti olùkọ́ kẹ́mísírì gbọ́. Ó ń dùn mí, torí ṣe ni wọ́n ń bá àgbà lò bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Ẹ wo ẹni tó ń kọ́ni ní èdè Yorùbá. Ètò kọ̀ǹpútà kan wà tó ń jẹ́ Praat, ọ̀fẹ́ ni. Paul Boersma àti David Weenink ló ṣe é ní Yunifásítì Amsterdam. Bí a bá sọ igbá, igba àti igbà sí i, yóò fa ìlà tó ń fi hàn bí ohùn ṣe gòkè tàbí bó ṣe sọ̀kalẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ láìgbọ́ ohùn rẹ̀ yóò wá fojú ara rẹ̀ rí i. Ọ̀dọ́ tó mọwọ́ kọ̀ǹpútà kò ní pẹ́ mọ bí a ṣe ń lò ó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wo la ó kọ́kọ́ sọ sí i? Níbo gan-an ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọsẹ̀? Olùkọ́ tó ti ń máàkì ìwé wọn láti ọdún gbọọrọ ló mọ̀ yẹn. Èyí bá ohun tí àwọn olùwádìí méjì, Punya Mishra àti Matthew Koehler, kọ ní Amẹ́ríkà ní 2006 mu: kí ìmọ̀ iṣẹ́ tí à ń kọ́, ìmọ̀ bí a ṣe ń kọ́ ọ àti ìmọ̀ ẹ̀rọ má ṣe ya ara wọn.

Òótọ́ ni pé àìsí iná àti owó dátà ń dí wa lọ́wọ́, ìjọba ni kó gbọ́ tiẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì, kí ẹ tó tún pe ògbóǹtarìgì, ẹ mú olùkọ́ kan àti akẹ́kọ̀ọ́ àṣekágbá kan nínú ẹ̀ka kan náà, ẹ fún wọn ní orí ẹ̀kọ́ kan tó máa ń le fún akẹ́kọ̀ọ́, kọ̀ǹpútà kan, àti sáà ẹ̀kọ́ kan, kí wọ́n jọ wá bí a ṣe lè fi ẹ̀rọ kọ́ ọ. Kí olùkọ́ má tijú láti béèrè. Kí ọmọ náà má sì gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ kó máa bá a tẹ̀ ẹ́; ọwọ́ olùkọ́ ni kó máa ṣe é. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sanwó fún ọmọ náà pẹ̀lú, iṣẹ́ ló ṣe.