ỌMỌ ABÚLÉ KÌ Í ṢE ỌMỌ ÀLÈ

Àsìkò ìbò tún ti dé. Àwọn tí ẹ kò fojú kàn láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ti tún mọ ọ̀nà abúlé yín. Wọ́n ń pín ìrẹsì, wọ́n ń pín ańkárá, wọ́n sì ń gbé ọmọ yín mọ́ra kí wọ́n lè ya fọ́tò. A kò ní kí ẹ má kí wọn káàbọ̀. Ohun tí a ní kí ẹ bi wọ́n kò ju ẹyọ kan lọ: owó ọmọ yìí dà?

Nítorí pé ọmọ náà lówó. Kì í ṣe owó sàráà. Òfin ló yà á sọ́tọ̀ fún un. Òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2004 sọ pé kí gbogbo ọmọ ka ọdún 6 ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ọdún 3 àkọ́kọ́ ní sẹ́kọ́ńdìrì lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó bá sì gbowó ilé-ìwé lọ́wọ́ wọn ti rúfin. Òfin yẹn kan náà ya ó kéré tán náírà 2 sọ́tọ̀ nínú gbogbo náírà 100 tó bá wọ àpò ìjọba àpapọ̀. Àmọ́ àdéhùn wà níbẹ̀: ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ gba owó tí wọ́n fi ń kọ́ kíláàsì gbọ́dọ̀ gbé ìdajì tirẹ̀ kalẹ̀. Bí gómìnà kò bá gbé tirẹ̀ kalẹ̀, owó á jókòó sí Àbújá, òjò á sì máa pa ọmọ yín ní kíláàsì. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwọn ìpínlẹ̀ kan ti fi irú owó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láìgbà.

Kò tán síbẹ̀. Òfin ìlera ti ọdún 2014 ya ó kéré tán náírà 1 nínú 100 sọ́tọ̀ kí ilé ìtọ́jú tó sún mọ́ ará ìlú lè ní oògùn àti òṣìṣẹ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé kí owó àwọn káńsù 774 tó wà ní Nàìjíríà máa bọ́ sọ́wọ́ wọn tààrà, pé gómìnà kankan kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dì í mú. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kò sówó, ẹ bi í pé èwo ni kò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?

Ẹ jẹ́ ká wá wo bí wọ́n ṣe ń pín in. Àwa tí à ń ti abúlé kan bọ́ sí òmíràn nítorí iṣẹ́ ẹgbẹ́, ojú wa ti rí i. Ní ìlú tí àwọn alágbára ń gbé, ilé-ìwé lọ́gbà, ó lọ́dà, olùkọ́ sì pọ̀ níbẹ̀. Ẹ wọ inú oko lọ díẹ̀, ẹ óò bá olùkọ́ kan ṣoṣo tó ń di kíláàsì mẹ́ta mú, tí ọmọ jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ óò bá ilé ìtọ́jú tí àgádágodo wà lẹ́nu rẹ̀. Aboyún tí ọmọ bá ń mú lóru, ọ̀kadà ni wọ́n ń fi gbé e. Ọ̀dọ́ tó kọ́ṣẹ́ tán kò rí owó ra irinṣẹ́, ló bá di èrò Èkó. Bàbá àti ìyá tó ń san owó orí ọjà lójoojúmọ́ ló bí gbogbo wọn o!

Àwọn kan á sọ pé ìlú lèrò pọ̀ sí, pé ibẹ̀ ni kí owó lọ. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́ jọ òótọ́, ṣùgbọ́n kí ló kó èrò lọ sí ìlú? Ẹni tó ń bomi rin ìdajì ọgbà nìkan kò gbọdọ̀ bú ìdajì kejì pé kò so. A kò tilẹ̀ ní kí wọ́n pín in lọ́gbọọgba lásán. Bí a bá ń bu oúnjẹ nínú ilé, a máa ń bù kún ti abiyamọ, kò sì sẹ́ni tó ń pè é ní ojúsàájú. Ibi tí ọgbẹ́ bá jinlẹ̀ sí ni à ń fi oògùn sí jù.

Ṣé ó ṣeé ṣe? Àwọn baba wa ti ṣe é rí. Nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń múra ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní ìhà Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n bu owó orí tuntun lé aráàlú, ṣílè 10 àti pẹ́nì 6. Àwọn èèyàn bínú. Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ fìdí rẹmi lọ́wọ́ Alákùkọ ní agbègbè tiwọn gan-an nínú ìbò ìjọba àpapọ̀ ọdún 1954. Síbẹ̀ wọn kò yẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kíní ọdún 1955, ilẹ̀kùn ṣí. Àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n jẹ́ bí 457,000 ní ọdún 1954 di ẹni tó ju 811,000 lọ láàárín ọdún kan. Olùkọ́ tó gba ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ kò tó, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ àgbẹ̀ jókòó ti ọmọ akọ̀wé.

Ní Èkó pẹ̀lú, àwọn ọmọ kan ń lọ sílé-ìwé láàárọ̀, àwọn mìíràn lọ́sàn-án, nítorí pé kíláàsì kò tó. Ìjọba Alhaji Lateef Jakande, tó gorí oyè ní oṣù Kẹwàá ọdún 1979, kọ́ kíláàsì gbọọrọgbọọrọ. Àwọn alátakò ní ilé adìyẹ ni. Ilé adìyẹ yẹn ló fòpin sí ìlọ-ọ̀sán, àwọn ọmọ tó kàwé níbẹ̀ sì ti di dókítà àti lọ́yà.

Ohun tí ẹgbẹ́ wa yóò ṣe nìyí, ẹ gé e pa mọ́ kí ẹ lè fi mú wa. Àkọ́kọ́, a óò ka àwọn ọmọ ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, tilé-ìwé àti tojú pópó, kí a tó ṣètò owó ọdún. Èkejì, a óò gbé ìdajì tó kan ìpínlẹ̀ kalẹ̀ lọ́dọọdún, kí owó ọmọ má baà sùn sí Àbújá mọ́. Ẹ̀kẹta, olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì tó bá gbà láti gbé abúlé yóò rí ilé àti àfikún owó oṣù. Ẹ̀kẹrin, ọmọ iṣẹ́ tó bá gba fíríìdọ̀mù yóò rí irinṣẹ́ gbà. Ẹ̀karùn-ún, ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, alága káńsù yóò dúró láàárín ọjà, yóò ka ìṣirò ní èdè Yorùbá: iye tó wọlé, iye tó jáde, abúlé tó dé. Bí a bá kùnà, ẹ lé wa bí ẹ ó ti lé àwọn tó wà níbẹ̀ yìí.

Ojú mẹ́rin ló ń bímọ, igba ojú ló ń wò ó. Ọmọ tí a kò bá kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Àpò ìrẹsì kan kò lè gba ìdílé dé ìparí oṣù, ọdún mẹ́rin sì gùn. Ẹ gba káàdì ìdìbò yín, ẹ má tà á, ẹ má fi yá ẹnikẹ́ni. Ẹ jáde ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí ẹ dìbò fún ẹgbẹ́ wa. Lẹ́yìn tí ẹ bá tẹ̀ka tán, ẹ dúró kí wọ́n kà á lójú yín.