Ẹ́ńjìnnì Kú, Epo Kò Sùn

Àwọn àgbà wa ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹni tí ó bá ń tú páìpù epo ọkọ̀ láì kọ́kọ́ dín agbára tí ó há sínú rẹ̀ kù, orí òrùlé ara rẹ̀ ni ó fi iná sí. Àwọn ènìyàn wa tí ó wà ní Àbíjàn, ní ilẹ̀ Kódífúà, ni a fẹ́ bá sọ ọ̀rọ̀ yìí.

Láti ìran dé ìran ni àwọn ọmọ Yorùbá, pàápàá àwọn ará Èjìgbò, ti ń ṣe àtìpó ní ìlú ńlá náà. Ọkọ̀ gbaka àti takisí woro-woro ni ó ń gbé èrò lọ sọ́jà ní Adjamé àti Treichville; bí ọkọ̀ bá sì dákú, ọ̀dọ̀ atọ́kọ̀ṣe àti ọmọṣẹ́ rẹ̀ ni à ń gbé e lọ. Ní ọdún 2017 ìjọba ibẹ̀ ṣòfin pé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àlòkù tí a óò kó wọlé kò gbọdọ̀ ju ọdún 5 lọ. Òfin náà dára, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ọkọ̀ tí ń wọlé kì í ṣe irú èyí tí àwọn ọ̀gá àtijọ́ fi kọ́ṣẹ́ mọ́.

Nínú ọkọ̀ oníkábúrétọ̀ àtijọ́, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ni ó ń mi páǹpù kékeré tí ń fa epo, agbára rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ti òde òní, inú táǹkì ni páǹpù wà. Iná mànàmáná ni ó ń lò, agbára tí ó fi ń ti epo sì lè tó ìlọ́po 10 ti àtijọ́. Fáàfù kan wà níbẹ̀ tí kì í jẹ́ kí epo padà sẹ́yìn, kí ọkọ̀ lè tètè ṣáná. Nítorí náà, bí a tilẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì, agbára náà lè wà nínú páìpù fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Bí ọmọṣẹ́ bá tú u lójijì, epo yóò fọ́n sí i lójú, yóò sì fọ́n sára irin gbígbóná.

Kí ni ṣíṣe? Kí ọkọ̀ kọ́kọ́ tutù ní gbangba, kì í ṣe lórí kòtò, nítorí afẹ́fẹ́ epo wúwo ju èyí tí à ń mí lọ, ìsàlẹ̀ ni ó sì ń rọ̀gún sí. Kí sìgá àti iná jìnnà. Kí ohun èlò ìpaná wà nítòsí. Kí a yọ fíúsì tàbí ríléè páǹpù, kí a wá ṣáná: ọkọ̀ yóò ṣiṣẹ́ díẹ̀, yóò sì kú fúnra rẹ̀. Kí a tún yí kọ́kọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Kí a ṣí ìdérí táǹkì kí afẹ́fẹ́ tí ó há síbẹ̀ jáde, kí a tún dé e. Kí a yọ wáyà bátìrì tí ó so mọ́ ara ọkọ̀. Nígbà náà ni kí a fi àkísà yí oríkèé páìpù ká, kí a sì tú u díẹ̀díẹ̀, nítorí epo díẹ̀ kò ní ṣàì ṣẹ́kù.

Bí páǹpù bá ti kú tí ọkọ̀ kò ṣáná rárá, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbà pé agbára ti tán. Àkísà àti sùúrù kan náà ni. Ní ti ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì òde òní, àti èyí tí ń fọ́n epo tààrà sínú sìlíńdà, agbára wọn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí epo lè gún awọ ara wọlé. Ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ wọn gan-an nìkan ni kí ó fọwọ́ kàn wọ́n.

Ọjọ́ tí ọmọṣẹ́ bá parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, òmìnira ni a ń sọ pé ó gbà. Nàìjíríà àti Kódífúà gba tiwọn ní ọdún 1960. Ṣùgbọ́n òmìnira wo ni ti ẹni tí ń lo ohun tí kò mọ inú rẹ̀? Wíwo ọwọ́ ọ̀gá ni ọmọ fi ń kọ́ṣẹ́. Ohun tí ọ̀gá kò bá sọ ìdí rẹ̀, ọmọ kò lè mọ̀ ọ́n. Ìwé tí ó ṣàlàyé rẹ̀, èdè Faransé tàbí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ bá wa kọ ìlànà yìí ní Yorùbá sára pátákó, kí a gbé e kọ́ sí ibi iṣẹ́. Ẹ̀yin ọ̀gá, ọmọṣẹ́ tí kò bá lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìdí tí a fi ń dín agbára epo kù, ẹ má ṣe tíì fún un ní òmìnira.